Ta Ni Mò Ń Sọ "Rọra" Fún?

Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, láti ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ojú tí mo fi ń wo ọmọkùnrin yàtọ̀ sí èyí tí mo fi ń wo ọmọbìnrin, èsì kan náà ni mo máa ń fọ̀: ọmọ lọmọ ń jẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo sì gba ara mi gbọ́. Àfi ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, já bọ́ láti orí jangílófà níṣojú mi.

Ibẹ̀ ò ga rárá. Ọwọ́ òsì ló fi gbalẹ̀. Ó dìde, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ti kún ojú rẹ̀. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo gbọn eruku kúrò lára rẹ̀, mo ní, "Ó ti tán, ó ti tán. Akọni ni ẹ́ jàre. Ọkùnrin kì í sunkún." Ó wò mí. Mo rí i bó ṣe gbé ẹkún yẹn mì bí ẹni ń gbé oògùn kíkorò mì. Ọ̀fun kékeré yẹn lọ sókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ló bá lọ jókòó sídìí ògiri. Inú mi dùn sí i, mo tiẹ̀ yìn ín lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Títí tí a fi ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń ya àwòrán, ó gbé ọwọ́ òsì lé itan. Mi ò fura.

Ìgbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ wẹ̀ fún un lálẹ́ ló tó rí i pé ọrùn ọwọ́ ọmọ ti wú. Egungun ti sán. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọ̀sán. Ohun tó sọ ni pé, "Àǹtí ní ọkùnrin ni mí."

Mo lọ bẹ ìyá náà. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní òun náà ti sọ gbólóhùn yẹn fún ọmọ ọ̀hún láìmọye ìgbà. Bóyá ì bá sàn fún mi ká ló bú mi. Mo délé, mi ò lè sùn. Mo ń ronú pé ọmọ náà ò kọ etí ikún sí ẹ̀kọ́ mi. Ó gbọ́, ó yé e, ó sì ṣe é dáadáa. Ohun tí mo kọ́ ọ ló mú un jókòó pẹ̀lú egungun sísán fún odidi wákàtí mẹ́ta.

Látìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara mi. Mo bẹ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan pé kó jókòó síbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, kó mú bébà kan dání, kó pín in sí méjì, kó máa fa ìlà ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ "rọra" bá ti ẹnu mi jáde: ẹ̀gbẹ́ kan fún ọmọkùnrin, ẹ̀gbẹ́ kejì fún ọmọbìnrin. Mo mọ̀ pé ó ń ṣọ́ mi o. Mo tiẹ̀ ń gbìyànjú láti ṣe dọ́gba. Nígbà tó fi bébà náà hàn mí, ìlà ti kún ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọbìnrin dé ìsàlẹ̀. Ti àwọn ọmọkùnrin ò pé ìka ọwọ́ kan. Ó tún kọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó gbọ́ sẹ́yìn bébà: "má ṣubú," "aṣọ ẹ máa dọ̀tí," "sọ̀ kalẹ̀ wá, jọ̀ọ́," gbogbo rẹ̀ sí ọmọbìnrin. "Ó ku díẹ̀!" "Wò ó bó ṣe gùn ún!" Ìwọ̀nyẹn jẹ́ ti àwọn ọmọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ àkàsọ̀ irin ibi ìṣeré wa gùn jù nínú wọn lọ́dún náà, ọmọbìnrin ni. Òun gan-an ni mo ń sọ "rọra" fún jù.

Ìtìjú mú mi, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 2000. Àwọn ọmọ oṣù mọ́kànlá tó ń rákò ni wọ́n lò. Wọ́n kan pákó kan tí wọ́n lè gbé sókè kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n sì ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan gbé e dé ibi tó rò pé ọmọ òun lè rá kọjá dé. Àwọn ìyá ọmọbìnrin gbé e sísàlẹ̀ ju agbára ọmọ wọn lọ. Àwọn ìyá ọmọkùnrin ò fojú kéré tiwọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn rá a, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ọmọ oṣù mọ́kànlá! Kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ pè, a sì ti mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ fún un.

Èkejì tí mo kà pẹ́ díẹ̀ ju ìyẹn lọ, 1976 ni. Wọ́n fi fíìmù ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan han àwọn àgbàlagbà tó lé ní igba. Ọmọ kan náà, fíìmù kan náà. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọkùnrin ni, wọ́n sọ fún àwọn tó kù pé obìnrin ni. Nínú fíìmù náà, wọ́n gbé àpótí kan síwájú ọmọ, ọmọláńgidi sì fò jáde nínú rẹ̀ lójijì, ni ọmọ bá figbe ta. Àwọn tó gbà pé ọkùnrin ni wọ́n ń wò sábà ń sọ pé inú ló ń bí i. Àwọn tó gbà pé obìnrin ni sọ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo pa ìwé yẹn dé, mo jókòó. Ó yé mi ìdí tó fi jẹ́ pé ọmọkùnrin tó bá ń ké ní kíláàsì mi, "ó ń bínú" ni mo máa ń kọ sínú ìwé tí mo fi ń ránṣẹ́ sáwọn òbí. Mélòó nínú wọn ni ẹ̀rù ń bà tí mi ò dì mọ́ra? Ẹni tí a bá sọ fún lójoojúmọ́ pé ìbínú lohun tó ń ṣe é, orúkọ yẹn náà ni yóò máa pè é tó bá dàgbà.

Mo ní láti sọ tèmi náà, torí èmi náà ọmọ ẹnì kan ni. Mi ò rántí ọjọ́ kankan tí ìyá mi pè mí jókòó pé, wá, kí n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe obìnrin. Ohun tí mo rántí ni ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún mi. Níbikíbi tí a bá jókòó sí, bí orúnkún mi bá ti yà, ọwọ́ rẹ̀ á wá síbẹ̀, á rọra tẹ̀ ẹ́ padà. Kò ní wo ojú mi, kò sì ní dá ọ̀rọ̀ tó ń bá ẹlòmíràn sọ dúró. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Bí mo bá wà nínú yàrá mi lémi nìkan, tí mo tilẹ̀kùn, orúnkún mi méjèèjì á ṣì wà papọ̀. Mo ti dán an wò pé kí n yà á, kí n jókòó bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe máa ń jókòó. Ó ń ṣe mí bíi pé mo wọ bàtà ẹlòmíràn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ẹnu la fi ń kọ́ ọmọ ní ọkùnrin tàbí obìnrin ṣíṣe, pé bí a bá ti yí ọ̀rọ̀ ẹnu wa padà, ó parí. Ọwọ́ la fi ń kọ́ ọ. Ojú la fi ń kọ́ ọ. Bó ṣe pẹ́ tó kí a tó gbé ọmọ tó ń sunkún, ibi tí a ti ń dì í mú, irú ohùn tí a fi ń pè é. Gbogbo ìyẹn ti ń lọ kó tó gbọ́ èdè rárá.

Àwọn ọmọ pẹ̀lú kì í kàn jókòó kí a máa rọ ẹ̀kọ́ yìí sí wọn lára. Wọ́n ń wá a kiri fúnra wọn bí ẹni ń wá òfin ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta kan wà ní kíláàsì mi tí làpálàpá mú lórí, wọ́n bá fá irun rẹ̀ kodoro. Nígbà tó wọlé láàárọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká. Ọ̀kan bi mí gidi, láìsí yẹ̀yẹ́ nínú ohùn rẹ̀: "Àǹtí, ṣé ó ti di ọkùnrin ni?" Òmíràn dá a lóhùn pé ó dìgbà tí irun náà bá hù kó tó padà di obìnrin. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń gbọ́, ó fọwọ́ pa orí, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé òun náà ò mọ èyí tóun jẹ́ mọ́.

Lawrence Kohlberg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa èyí láti ọdún 1966. Ó ní ọmọ kékeré a mọ̀ pé òun jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ní bí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó di bí ọdún márùn-ún sí méje kó tó dá a lójú pé irun àti aṣọ ò lè yí i padà. Mo wá rí ìdí tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin fi le mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń fi ọmọkùnrin mìíràn ṣẹ̀sín pé ó gbé àpò píńkì, kì í ṣe ìkà. Ó rò pé bí òun náà bá fọwọ́ kan àpò yẹn, nǹkan lè yí lára òun. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Píńkì náà dà, ta ló tiẹ̀ fún obìnrin? Ní oṣù kẹfà ọdún 1918, ìwé àwọn oníṣòwò aṣọ ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé píńkì ló yẹ ọmọkùnrin torí pé ó lágbára, búlúù ló sì yẹ ọmọbìnrin torí pé ó tutù lójú. Fọ́tò Franklin Roosevelt kan wà tí wọ́n yà ní 1884, kó tó pé ọdún mẹ́ta: ẹ̀wù funfun bíi ti ọmọbìnrin ló wọ̀, irun rẹ̀ gùn dé èjìká. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọkùnrin kéékèèké ń wọṣọ nílé irú àwọn òbí rẹ̀ nígbà náà, kò sì yani lẹ́nu. Ọmọ yẹn ló di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1933. Mo fi fọ́tò náà han àwọn òbí ní ìpàdé kan láìkọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́. Gbogbo wọn ló ní, "Ọmọbìnrin yìí mà rẹwà o."

Ohun tí àwọn ọmọ ń kà ju ọ̀rọ̀ wa lọ ni iye àwọn tí wọ́n ń rí. Ní 1983, David Chambers gbé ìwádìí kan jáde lórí àwòrán onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ iléèwé yà. Àwọn ọmọ náà jẹ́ 4,807. Àwòrán obìnrin tó wà níbẹ̀, méjìdínlọ́gbọ̀n péré, àwọn ọmọbìnrin ló sì ya gbogbo rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ti gbọ́ pé obìnrin lè ṣe ohunkóhun. Wọ́n kàn wo àyíká wọn, wọ́n sì ya ohun tí wọ́n rí.

Mo máa ń fi èdè wa yangàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Ó" ni "ó": ó wá, ó lọ, ó ń sùn. Èèyàn lè sọ ìtàn ẹnì kan láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ má mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìwádìí kan wà ní 1982 tí Alexander Guiora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí wọ́n fi wo àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Hébérù, Gẹ̀ẹ́sì àti Finnish, èdè àwọn ará Finland. Hébérù máa ń sọ akọ àti abo nínú ọ̀rọ̀ tó pọ̀ gan-an; Finnish dà bíi tiwa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bíi "ó" ni wọ́n ní fún ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn ọmọ Hébérù ló kọ́kọ́ mọ èyí tí wọ́n jẹ́, àwọn ọmọ Finnish ló gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìyangàn mi ò pẹ́. Èdè kan náà tó ní "ó" ló ní "akọ òkúta" fún òkúta tó le jù. Òun náà ló ní "obìnrin bí ọkùnrin" fún ìyìn, tí "ọkùnrin bí obìnrin" sì jẹ́ èébú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a sì ń bi ẹni tó bímọ ni akọ ń bábo. Mo ti bi í lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó rántí bi í léèrè àlàáfíà ìyá.

Ọmọkùnrin tèmi ló fi ohun kan hàn mí tí n kò lè gbàgbé. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Fóònù dún, ó gbé e. Mo wà ní yàrá kejì, mo gbọ́ ohùn kan tó wúwo díẹ̀, tó falẹ̀, tó ní, "Ẹ ǹ lẹ́ o." Ohùn bàbá rẹ̀ ni, tí wọ́n gé kúrú. Nígbà tó rí i pé ìyá àgbà ni, ohùn rẹ̀ padà sí ti ọmọdé kíá. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ ò sì tíì tó ìgbà tí ti ọkùnrin ń fọ́. Àwọn onímọ̀ ohùn kan ṣàyẹ̀wò irú nǹkan yìí ní 1973: wọ́n gba ohùn àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà sílẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ẹlòmíràn sọ èyí tó jẹ́ ọkùnrin. Bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni wọ́n gbà. Àwọn olùwádìí náà rí i pé ìdàgbàsókè ọ̀fun nìkan ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbà pé ó yẹ kí irú wọn sọ̀rọ̀.

Àgbàlagbà náà ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí. Ọkùnrin kan wá bá wa ṣiṣẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Sùúrù rẹ̀ ju tèmi lọ. Láàárín oṣù kan mo rí i tó ń yí padà: ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí ibi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, kò gbé ọmọ nílẹ̀ mọ́, bí ọmọ bá sì fẹ́ gun itan rẹ̀, á pe ọ̀kan nínú àwa obìnrin. Mo bi í ní ìdí. Ó ní, "Ẹ̀yin ò rí ojú tí wọ́n fi ń wò mí ni, Mà." Òótọ́ ni, mi ò rí i, torí pé a ò fi wò mí rí. Candace West àti Don Zimmerman, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ ọ́ ní 1987 pé ọkùnrin tàbí obìnrin jẹ́ ohun tí èèyàn ń ṣe níwájú àwọn mìíràn lójoojúmọ́, tí wọ́n sì lè pe olúwarẹ̀ síta kó wá jẹ́jọ́ rẹ̀. Kò ṣòroó yé mi. A ti ń sọ ọ́ tipẹ́: ṣe bí ọkùnrin. "Ṣe" la sọ. Bó bá jẹ́ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, kí la tún ń pàṣẹ rẹ̀ sí?

Mo tún ṣe àṣìṣe mìíràn tó yẹ kí n sọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn, mo le mọ́ àwọn ọmọ ní òdìkejì. Ọmọbìnrin kan fẹ́ràn ọmọláńgidi rẹ̀ débi pé kì í gbé e sílẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó àwọn igi ìkọ́lé síwájú rẹ̀, mo ní kó wá kọ́ ilé fún mi. Ó wo àwọn igi náà, ó wo ọwọ́ mi tí ọmọláńgidi wà, omijé bẹ̀rẹ̀. "Ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni?" Mo tún ti sọ fún ọmọ kan pé ohun tó jẹ́ kò tó. Mo dá a padà kíá, mo bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ́ ilé fúnra rẹ̀ láti fi gbé ọmọláńgidi náà sí. Àmọ́ ká ní kò kọ́ ọ pàápàá, kò sí ohun tó burú.

Báyìí, mo máa ń ka dé mẹ́ta nínú ọkàn kí n tó sọ "rọra." Ó jẹ́ kí n rí bóyá ewu wà lóòótọ́. Mo ti yọ "ọkùnrin kì í sunkún" kúrò lẹ́nu, ó sì gbà mí ní ọdún méjì gbáko. Ó ṣì máa ń dé orí ahọ́n mi.

Ọmọkùnrin yẹn padà wá pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi bándéèjì líle dì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàn án wò pé ó le bí ògiri. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tú u, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ nígbà tó ń sáré, ó sì fi orúnkún lulẹ̀. Kò sunkún. Ó kọ́kọ́ wá ojú mi. Mo wà lókèèrè, ó sì ń wò mí, ó di ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó ń retí kí n sọ èyí tí òun máa jẹ́ fún òun. Mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, mo ní, "Níbo ló ń dùn ẹ́?" Ó fi orúnkún hàn mí. Ó bó díẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ò tilẹ̀ jáde. Ó gbé orí lé apá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tó pọ̀ ju egbò náà lọ fíìfíì. Agogo lù pé kí a wọlé. Àwọn yòókù wọlé. Àwa méjèèjì ṣì jókòó síbẹ̀.